Ilẹ̀kùn Kẹta ní Ẹnubodè Ààlà

Onímú ti gbóòórùn wa kí ọkọ̀ wa tó gun òkè tán. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú òpó ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará Òkè-Ẹmi. Ẹ kó òrí dání, ogójì igbá. Ẹ kò kó nǹkan mìíràn. Ọ̀kan nínú yín jẹ irú láàárọ̀ yìí."

"Èmi ni," ni Ìyá Fẹyíṣọlá dáhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ṣé irú náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ máa bọ̀," ni Onímú wí. Ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ni kó máa gbóòórùn ẹrù, kó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, kó sì máa jẹ́ iṣẹ́ láàárín àwa àti òkè òkun. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní àwàdà. Àwọn aráàlú ló sọ ọ́ ní Onímú, torí pé imú ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ihò kéékèèké bíi ti asẹ́ ni, láti orí òpó àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà títí dé ìloro Ẹnubodè Ààlà.

Mo rọra ń wa ọkọ̀ lọ. Oòrùn ni oúnjẹ ọkọ̀ wa, ọyẹ́ sì ti fi eruku bo oòrùn láti ìjẹta, ó wá ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ìyá Fẹyíṣọlá kò bìkítà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ilé òrí ìlú wa. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ po ẹmi lílọ̀ títí òrí á fi yọ funfun sókè. Àwọn náà ni yóò bá ẹrù wọkọ̀ òfurufú lónìí, torí òfin kò gbà kí ẹrù dá rìnrìn àjò láìsí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ ara wọn ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti sọ èyí fún Ìyá ni wọ́n ti ń wé gèlè tuntun kan, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n tún ń wé e. Ìyá kò rí òkun rí láyé wọn.

"Jọláadé," Ìyá pè mí. "Ṣé òótọ́ ni pé omi náà ò ní òdìkejì?"

"Ó ní, Ìyá. Ó kàn jìnnà ni."

"Àwọn tó sọ fún mi ní kò ní. Ó dáa. Èmi á fojú ara mi rí i, n ó sì wá jábọ̀ fún yín."

Ìlú Orí-Omi ni ẹrù wa ń lọ. Ìgbà tí òkun gba ilẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́ ìlú náà sójú omi, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń bó ètè àti awọ ara, kò sì sí ọ̀rá tí wọ́n lè fi sebẹ̀ àfi ti ẹja. Atukọ̀ kan ló gbé igbá òrí wa kan débẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ń fẹ́ òrí yẹn gan-an, èyí tí ìyá lè fi sínú ọbẹ̀ lọ́sàn-án kó sì fi pa ọmọ lára lálẹ́. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ náà sí etí àwọn obìnrin ilé òrí, orí wa wú, a jó yí odó ká. Àṣé a ò tíì mọ̀ pé ohun tó wú wa lórí yẹn gan-an ni Onímú máa fi dè wá mọ́lẹ̀.

Obìnrin kan ló wà níwájú wa lórí ìlà. Ọṣẹ dúdú ló kó wá.

"Ẹnu ni, àbí ara ni?" Onímú bi í.

Obìnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí òkúta ẹ̀rí tó wà lójú ìloro. "Ara ni."

Ilẹ̀kùn tó wà lápá òsì ṣí. Alábàárù irin kan gbé ọṣẹ wọlé, a sì rí i bó ṣe ń kán omi aláwọ̀ aró sórí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó. Ìkorò ni wọ́n ń pe omi yẹn. Ohun tí a bá ti pè ní ti ara, òfin ní kó korò, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́.

"Ta ló fẹ́ jẹ ọṣẹ?" obìnrin náà béèrè.

"Òfin kò béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́," ni Onímú wí.

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Àlàájì Músíbáù ni, ọlọ́yin tí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn mọ̀, tó tóbi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó fara ti ọkọ̀ wa bí ẹni pé òun ló ni ín. "Ọṣẹ ṣì rí àánú gbà," ó ní. "Èmi pe oyin mi ní ti ẹnu lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé e gba ilẹ̀kùn ọ̀tún, lábẹ́ iná funfun tó ń pa gbogbo ohun tó bá lẹ́mìí. Àbúrò mi, ohun tó jáde lódìkejì, omi ṣúgà ni. Eèrà gan-an fò ó dá."

"Kí lẹ fẹ́ pè é lónìí?" mo bi í.

"Ara ni. Kí wọ́n máa fi para."

"Oyin kíkorò, Àlàájì?"

"Ìyàwó mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. N ò tíì rí èsì fún un."

Èmi náà ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá èsì. Bí mo bá pe òrí ní ti ẹnu, iná funfun á sọ ọ́ di ìda, kò ní ní òórùn mọ́, kò sì ní wọ ara. Bí mo bá pè é ní ti ara, ìkorò á wọ̀ ọ́, ọmọ tí wọ́n bá fi pa lára á lá ọwọ́ rẹ̀, á sì figbe ta. Mo ti pinnu pé ara ni n ó pè é. Ìyá Fẹyíṣọlá kọ̀ láti ilé, wọ́n ní òrí kíkorò kì í ṣe òrí. Mo ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé òòbẹ̀ ni ará Orí-Omi ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù náà sì nídìí. Òkè-Ẹmi ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì ní Ẹnubodè Ààlà. Nígbà àkọ́kọ́, òrí yọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà kejì, èdìdì kú. Ewé ni èdìdì. A máa ń gbìn ín sí ìdérí igbá, á sì na ìtàkùn tín-ín-rín yí ẹnu igbá ká. Bí a bá ṣí igbá, tàbí bí a bá gbàgbé láti bomi rin ín, ewé á pọ́n, kò sì ní padà di tútù. Ìgbà mẹ́ta péré ni òfin ń fún ìlú. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, Onímú á gbàgbé orúkọ ìlú náà, ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ wá kò sì ní gba ẹnubodè kankan kọjá mọ́. Èmi ni mo sì sọ fún àwọn obìnrin ilé òrí pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo mọ ọ̀nà. Bí ó bá bàjẹ́ lónìí, ojú mi ni gbogbo wọn máa wò.

Ìlà sún. Ó kàn wá.

Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun, olórí àwọn asọ́bodè, jáde síta láti gbà wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ọyẹ́ sì ti bó o ní ètè débi pé tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó máa kọ́kọ́ fọwọ́ di ẹnu mú. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ àfi ọ̀kan ṣoṣo. Òfin sọ pé igbá àkọ́kọ́ nínú ẹrù, ọwọ́ èèyàn ni yóò gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Kò sẹ́ni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́.

"Ẹnu ni, àbí ara ni?" Onímú béèrè.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí òkúta. Ó tutù. "Ara ni," mo ní.

"Ẹ jẹ́ kí n gba igbá kan, Mà," ni Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń fúnni ní nǹkan nílùú wa. Bí a bá bu omi fún àlejò, ẹni tó bù ú á kọ́kọ́ mu díẹ̀ lójú rẹ̀. Bí a bá ta òrí, ẹni tó ṣe é á fi ìka bù ú, á lá a, á fi ìyókù pa ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹni tó ń gbà á lè rí i pé ohun tí kò lè pa ẹni tó ṣe é ni. Ẹni tó bá na nǹkan síni láìtọ́ ọ wò, òun là ń fura sí. Ìyá Fẹyíṣọlá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ọwọ́ wọn kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n tó la ẹnu, Ìyá ti já ewé. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n ki ìka bọ òrí, wọ́n lá a, wọ́n fi ìyókù pa ẹ̀yìn ọwọ́ òsì. Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá síwájú Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ó dáa, ó sì mọ́."

Ewé tó ṣubú sílẹ̀ pọ́n bí ata. Àwọn alábàárù irin tó ń lọ tó ń bọ̀ dúró sójú kan, ọ̀kan tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Èdìdì kan ti kú," ni Onímú wí. "Ohun tí a pè ní ti ara ti wọ ẹnu. Ta ló ṣe é?"

Ìyá wo ewé, wọ́n wò mí, wọ́n wo ìka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. "Yéè," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọwọ́ mi ni."

Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun sún mọ́ mi. Kò gba igbá, kò sì kọ̀ ọ́. "Mà, ẹ tẹ́tí sí mi," ó rọra sọ. "Ẹ tẹ́ ọwọ́ sórí òkúta, kí ẹ ní ẹ ò mọ Màmá yìí rí, pé wọ́n kàn ṣèèṣì dé ìdí ẹrù yín ni. Igbá kan yẹn nìkan ló máa ṣòfò. Ìyókù á kọjá, ìlú yín ò ní kùnà."

"Màmá náà ńkọ́?"

"Orúkọ tiwọn ni Onímú máa gbàgbé. Kò ní pa wọ́n lára. Wọn ò kàn ní gba ẹnubodè kankan kọjá mọ́ láéláé ni."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, èyí ló tún wá dùn mí jù. Ìyá sì ti gbọ́. Etí wọn ò tíì darúgbó.

"Sọ bẹ́ẹ̀, Jọláadé," ni wọ́n wí. "Kí ni mo fẹ́ fi òkun ṣe gan-an? Odò ilé wa náà, ṣé iyanrìn ló wà nínú rẹ̀ ni?" Wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè.

Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Mo ronú kan àwọn obìnrin ilé òrí, bí wọ́n ṣe jó yí odó ká, bí wọ́n ṣe máa wò mí bí mo bá délé pẹ̀lú ogójì igbá. Ṣùgbọ́n Ìyá ti tú gèlè tuntun náà tán, wọ́n ń ká a pọ̀, inú mi sì bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ rí lọ. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni kí n sọ pé n ò mọ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, òrí wo ni mo tún fẹ́ ta lẹ́yìn ìyẹn, ta ni n ó sì ní ó kọ́ mi? Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí òkúta lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n," mo ní. "Ẹnu ni. Ara náà sì ni. À ń jẹ ẹ́, a sì ń fi í para, kò tíì sígbà kan tó jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n tọ́ ọ wò torí pé wọ́n fẹ́ fúnni. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ, ẹ̀rù ló sọ ọ́."

Lẹ́yìn wa, Àlàájì pe orúkọ Ọlọ́run jẹ́ẹ́jẹ́. Ìyá ní kí n dákẹ́. Ó ti pẹ́ jù.

Onímú fa afẹ́fẹ́ símú. Gbogbo ihò imú rẹ̀ ṣí, wọ́n pa dé, wọ́n tún ṣí. Mo ń retí kó pe orúkọ ìlú wa fún ìgbà ìkẹyìn.

"Ṣé ẹni tó ṣe é ló tọ́ ọ wò?" ó béèrè.

"Àwọn ni."

"Ṣé níwájú asọ́bodè ni?"

"Níwájú mi ni," ni Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun dáhùn. Ó dà bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló yá ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

"Ilẹ̀kùn Kẹta," ni Onímú wí.

A wo ara wa. Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun yíjú sí àárín ilẹ̀kùn méjèèjì, níbi tí ilẹ̀kùn onígi kékeré kan wà. "Ibi tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí?"

"Ibẹ̀ ni. Ohun tí ẹni tó ṣe é bá tọ́ wò níwájú asọ́bodè, ohun ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Kì í gba iná, kì í gba ìkorò. Ẹnu méjì ni èdìdì rẹ̀, ẹnu ẹni tó ń fúnni àti ẹnu ẹni tó ń gbà. Igbá kọ̀ọ̀kan."

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí," ni Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun wí, "o ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ẹnì kankan kò tọ́ ọ wò níwájú mi rí," ni Onímú dáhùn.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Àlàájì, tèmi sì tẹ̀ lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo di ọkọ̀ mú kí n má baà ṣubú. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun, torí ojú ọmọ náà ti yí padà.

"Ẹnu ẹni tó ń gbà," ó wí. "Èmi nìyẹn."

"Ìwọ nìyẹn," ni Onímú wí.

"N ò jẹ ohun tí kò gba abẹ́ iná funfun rí. Hóró oúnjẹ gbígbẹ tí ìjọba ń fún wa là ń jẹ níbí. Bó bá pa mí ńkọ́?"

Ìyá gbé igbá náà, wọ́n sì sún mọ́ ọn. "Ilé ta lo ti wá? Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí ọ̀fìnkìn ń dà ọ́ láàmú, kò sẹ́ni tó fi òrí kùn ọ́ nímú?"

"Ìyá bàbá mi máa ń ṣe é, bí wọ́n ṣe sọ. N ò rántí."

"Gbóòórùn rẹ̀ kí o tó jẹ ẹ́. Bí ìwọ ò bá rántí, imú rẹ á rántí."

Ó tẹrí ba sórí igbá. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Nígbà tó gbé e, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìka kan bu òrí, ó di ojú, ó sì lá a. Òrí kun ètè rẹ̀ tó ti bó. Gbogbo ìlà na ọrùn bí ẹni ń retí kí ó dákú. Ó la ojú, ó gbé e mì, ó tún ki ìka bọ igbá.

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó," ni Onímú wí.

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun wí, ó sì lá èkejì. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ di ẹnu mú.

Bí wàhálà ṣe di àríyá nìyẹn. Àwọn asọ́bodè yòókù jáde láti wá wo ohun tó ń pa ọ̀gá wọn lẹ́rìn-ín, ó sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n kó ìgbálẹ̀ kúrò lẹ́nu Ilẹ̀kùn Kẹta. Ìgbálẹ̀ jáde, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde, kẹ̀kẹ́ kan tó ti sọnù jáde, tí ọ̀kan nínú wọn ti fi ń fura sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kọ̀, kò ṣí ju bí ọwọ́ ṣe lè wọlé lọ. Ìpata ti di ìdè irin tó gbé e kọ́ ara ògiri mú. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, alábàárù irin méjì fi èjìká tì í, ó kàn ń ké ni.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ni Ìyá wí. Wọ́n bu òrí ńlá kan, wọ́n fi kun ìdè ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa á wọlé bí ẹni ń pa eékún arúgbó. Wọ́n ní ká fún un láyè. A fún un láyè. Nígbà tí wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣí láìdún rárá.

"Ti ẹnu ni, ti ara ni, ti ilẹ̀kùn náà ni," ni Àlàájì wí. "Onímú, ṣé o ń gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Onímú wí.

Ó wá ku igbá mọ́kàndínlógójì. Èmi àti Ìyá pín in. Bí a bá ti ṣí ọ̀kan, tí ọ̀kan nínú wa tọ́ ọ wò, asọ́bodè kan á bọ́ ìbọ̀wọ́, á tọ́ ọ wò tẹ̀ lé e, alábàárù irin á sì gbé e wọlé. Ẹnu wa kọ́kọ́ ń yọ̀, lẹ́yìn náà ó sú wa, ni Àlàájì bá dáná lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì sun iṣu tó gbé dání fún oúnjẹ ọ̀nà. Ó ní òrí láìsí iṣu, ìyà ni. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún ráhùn. Obìnrin ọlọ́ṣẹ tó ti kọjá tẹ́lẹ̀ padà wá, ó jókòó tì wá, ó ń bá wa já ewé. Asọ́bodè obìnrin kan bọ́ bàtà, ó ń fi tirẹ̀ kun gìgísẹ̀ tó ti sán, ó ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìloro tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́ níbẹ̀, ariwo èèyàn gba gbogbo ibẹ̀ kan, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ka iye tó kù.

Nígbà tí igbá ìkẹyìn wọlé, Onímú ní, "Orúkọ Òkè-Ẹmi dúró." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N ò mọ̀ bóyá èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Ìyá tún gèlè wé láìsí dígí, ó sì dúró ju ti àárọ̀ lọ. Ọ̀gá Ọlánipẹ̀kun fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ wọn mú gba Ilẹ̀kùn Kẹta kọjá, tó sì mú wọn gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú. Kó tó padà, Ìyá fi òrí díẹ̀ sí i lọ́wọ́ nínú ewé, wọ́n sì tọ́ ọ wò kí wọ́n tó fún un.

"Jọláadé," ni wọ́n ké láti òkè, "ẹmi tó wà nínú omi nílé, ẹ má jẹ́ kó kan o."

"A ò ní jẹ́ kó kan, Ìyá."

Ọkọ̀ òfurufú gbéra, ó wọ inú eruku ọyẹ́ lọ, a ò rí i mọ́.

Ìlà tún tò. Àlàájì Músíbáù ló kàn, ó gbé ìkòkò oyin àkọ́kọ́ síwájú, ó nu ẹnu, ó sì tẹ́ ọwọ́ sórí òkúta.

"Ẹnu ni, àbí ara ni?" ni Onímú béèrè. Ó wá fi kún un, "Àbí ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò?"

Àlàájì ti ki ìka bọ oyin kó tó béèrè tán.

N ò lè tètè lọ. Oòrùn kò tíì bọ́ ọkọ̀ mi yó, mo sì jókòó ti iná Àlàájì, mo ń jẹ iṣu, mo ń wo oyin bó ṣe ń wọlé láìgba iná. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, òpó ẹ̀bá ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Jọláadé ará Òkè-Ẹmi. Iṣẹ́ kan dé fún yín láti Ìlú Orí-Omi."

Mo dìde. "Ṣé Ìyá ti débẹ̀?"

"Wọ́n ti débẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé òkun kò ní òdìkejì."

"Sọ fún wọn pé ó ní. Ó kàn jìnnà ni."

Onímú bá mi ránṣẹ́, mo jẹ ègé iṣu kan tán kí èsì tó dé. "Wọ́n ní irọ́ ni," ó wí. "Wọ́n ní àwọn ti tọ́ ọ wò. Wọ́n ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."